Ata Wẹẹrẹ àti Alága

Àwọn tó lọ sí òkè òkun máa ń sọ̀rọ̀ òtútù. Kò sí òtútù nínú ìtàn tèmi. Títì kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé wa ní Ṣakẹ́tẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àti Okokomaiko. Oòrùn kan náà ló ń pa wá, gààrí kan náà là ń jẹ. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè mìíràn ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu.

Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan tí mo ti lọ wáṣẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n wo fùréèn ọkọ̀ kan tó ń han. Ohun tí à ń pe búrèkì nílé nìyẹn, Faransé ló kọ́ wa. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀.

"Ègùn lèyí," ó ní.

"Èmi kì í ṣe Ègùn, sà. Yorùbá ni mí."

"Yorùbá tó ń tẹ fùréèn."

Wọn kò fún mi níṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kó jáde. Ojú máa ń tì mí láti kékeré. Nílé, wọ́n ní ìwà mi ni. Ní Èkó, ó di iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé gbogbo ènìyàn tó yí mi ká ń sọ èdè ìyá mi, èmi ni mi ò lè sọ ọ́ fún wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí iṣẹ́ ní ọgbà ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan lẹ́bàá títì, láàrin Ìbà àti Okokomaiko. Alájí Ràímì ló ni ín, ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló to ọkọ̀ sí. Bọ̀dá Sùlé ni mẹkáníìkì rẹ̀, òun náà ló sì ń gbé àwọn oníbàárà jáde láti lọ dán ọkọ̀ wò. Èmi ni mò ń fọ ọkọ̀.

Bọ̀dá Sùlé fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Bí mo ṣe ń fọ táyà lọ́jọ́ kìíní, ó ti ń kọ́ mi ní òfin ọgbà.

"Kó o tètè mọ̀ pé Alájí kì í fún èèyàn Kútọnu ní kọ́kọ́rọ́." Gbogbo ẹni tó bá ti òdìkejì bọ́dà wá, èèyàn Kútọnu ni wọ́n ń pè é. "Ẹnì kan wà níbí rí. Ó ní òun fẹ́ lọ tẹ́ẹ̀sì mọ́tò kan, kóun wò ó bóyá ó ń fà dáadáa. Títí di àárọ̀ yìí, ó ṣì ń tẹ́ẹ̀sì ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ńkọ́, ibo lo ti wá?"

"Ìlaròó, sà," ni mo wí.

Ìlaròó kò jìnnà sí wa, ohùn wọn sì súnmọ́ tiwa, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ló wà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀. Kò parí. Wọ́n sọ ọ́ di orúkọ mi. "Ìlaròó, gbé omi wá." "Ìlaròó, o ò tíì fọ abẹ́ ẹ̀." Mo sì ń dáhùn.

Kọ́kọ́rọ́ ni mo fẹ́. Àbúrò bàbá mi ń fi ọkọ̀ gbé èrò nílé, òun ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, mo sì ti gba ìwé ìwakọ̀ kí n tó kúrò. Bí mo bá wà láàrin èèyàn, mi ò mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ mi sí. Bí mo bá di sítíárín mú, ọwọ́ mi ti ríṣẹ́, ara mi á sì balẹ̀. Mo fẹ́ di ẹni tó ń gbé ọkọ̀ jáde ní ọgbà yẹn, bíi ti Bọ̀dá Sùlé.

Ọjọọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe màmá mi, lẹ́yìn tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" wọ́n ní.

"Ọkọ̀ ni mò ń fọ̀, mà."

"Ọkọ̀ wà ní Ṣakẹ́tẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó sì dọ̀tí. Tó bá jẹ́ pé fífọ̀ náà ni títí ọdún fi máa parí, kó ẹrù ẹ, kó o máa bọ̀."

Mo mọ̀ pé wọn kò fi ṣe ìbínú. Láti ẹnu géètì ọgbà wa, mo máa ń rí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí bọ́dà pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn èèyàn inú wọn á sùn kalẹ̀, ọ̀kan á gbé orí lé èkejì léjìká. Nígbà mìíràn, mo máa ń dúró pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́ títí wọ́n á fi kọjá.

Ọkọ̀ púpọ̀ ló gba ọwọ́ mi kọjá lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ọkọ̀ kékeré ni àwọn méjèèjì, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí, tí ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kò wúlò ju kí a fi lọ sọ́jà lọ. Àwọn tó ṣe wọ́n ki ẹ́ńjìnnì tó lágbára bọ inú ara kékeré, kí ẹni tó bá ń wà á lè gbádùn ara rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà ṣe é ló yàtọ̀.

Àwọn ará ọgbà ti fún wọn lórúkọ. Èyí tó ní àwọ̀ eérú ni Alága. Kò tíì pẹ́ láyé, awọ ni ìjókòó rẹ̀, jíà rẹ̀ sì ń yí fúnra rẹ̀. Bí o bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á dún gbù bí ìgbà tí èèyàn ju ìrọ̀rí sórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ariwo títì á sì dúró síta. Bí Bọ̀dá Sùlé bá tẹná kó lè sáré, ọrùn mi á lọ sẹ́yìn, síbẹ̀ ọkọ̀ náà kò ní gbé ohùn sókè.

Èyí pupa ni Ata Wẹẹrẹ. Ó ti dàgbà, agbára rẹ̀ kò sì tó ti Alága rárá. Ìjókòó rẹ̀ le, ó rẹlẹ̀, ọwọ́ la fi ń yí jíà rẹ̀. Bí o bá gun òkúta, ìdí rẹ á mọ irú òkúta tó jẹ́. Ó ti lo oṣù mẹ́jọ lọ́gbà. Etí làwọn èèyàn ọ̀dọ̀ wa fi ń ra ọkọ̀. Wọ́n á jókòó sínú rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gbọ́ tó dún bí agolo, wọ́n á sì jáde. Bọ̀dá Sùlé ti ki fóòmù sínú ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè dákẹ́. Ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lásìkò òjò ni mo kọ́kọ́ wà á. Àwọn ọkùnrin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi nìkan ló kù. Òjò bẹ̀rẹ̀, gọ́tà kún, omi sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni Ata Wẹẹrẹ wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára ìṣó ní ọ́fíìsì. Mo dúró, mò ń wò ó, títí omi fi dé ìdajì táyà. Lẹ́yìn náà ni mo lọ mú un.

Ibi tí mo wà á dé kò jìnnà, láti ẹ̀yìn ọgbà sí ẹnu géètì ni. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn kékeré yẹn, mo mọ gbogbo ohun tó wà lábẹ́ mi: omi, yanrìn, etí kọnkéré tí mo gùn. Sítíárín ń sọ ọ́ fún ọwọ́ mi bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì kíákíá jù, ó gbọ̀n, bíi pé ó ń bá mi wí. Mo tún un ṣe, ó fò síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lókùn. Mo rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, nínú òjò. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Nígbà tí Alájí dé, ó wo ọkọ̀, ó wò mí.

"Ta ló gbé e wá síbí?"

"Èmi ni, sà. Omi ti fẹ́ wọ inú ẹ̀."

Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá ibi tó ti ha. Kò rí i. "Ta ló kọ́ ẹ ní mọ́tò?"

"Àbúrò bàbá mi, sà."

"Ní Ìlaròó?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó pè mí wá sí ọ́fíìsì. Ó ní àwọn obìnrin tó ń ra ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i, wọn kì í sì í fẹ́ kí àwọn àti ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ rí jọ jókòó sínú ọkọ̀.

"Nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ tó o jẹ́ obìnrin ni kó o bá wọn jáde. Alága ni kó o fi hàn wọ́n. Tí wọ́n bá ti gba Alága, kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ nìyẹn. Màá wá ẹlòmíì tó máa gbé garawa."

"Ata Wẹẹrẹ ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn? Sùlé máa gbé e sókè lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Gbígbé ọkọ̀ sókè wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á fi rọ́bà líle há sípíríǹgì, tàbí kí wọ́n yọ sípíríǹgì náà kí wọ́n fi òmíràn tó ga tó sì rọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí abẹ́ ọkọ̀ má baà máa ha ilẹ̀ nínú kòtò. Kò burú fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe é fún Ata Wẹẹrẹ, á máa fì sọ́tùn-ún fì sósì ní kọ́nà bí ọmọ tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Á rọ̀, á dákẹ́, wọ́n á sì rà á. Mo mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Èmi náà ti rọ̀, mo ti dákẹ́, wọ́n sì ti gbà mí síṣẹ́.

Màámi Fèyí ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì náà. Agbẹ̀bí ni wọ́n, ẹni tó sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Inú bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọkọ wọn tó jẹ́ ṣọ́jà, ṣùgbọ́n Ìjànikin ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé ọkọ̀ ńlá ọkọ àwọn nìkan làwọn ti ń wà látọjọ́ yìí.

"Á jókòó tì mí, á máa ní, búrèkì, búrèkì. Ogún ọdún. Èyí tí mo fẹ́ rà yìí, èmi nìkan ni màá máa tẹ búrèkì ẹ̀ nígbà tó bá wù mí."

A gbé Alága jáde, Màámi Fèyí ló di sítíárín mú, a gba títì kọnkéré lọ sí ọ̀nà Ìjànikin. Ó ń lọ bí ẹni ń yọ̀ lórí òróró. Kò pẹ́, wọ́n wo aago iwájú tó ń ka eré.

"Ọgọ́fà?" Wọ́n yára gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. "Mo rò pé ọgọ́ta ni mo wà."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mà."

"Ó dára o. Kò tiẹ̀ dà bíi pé mò ń wakọ̀."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń yin nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ayọ̀ lójú wọn.

Nígbà tí a padà dé ọgbà, Alájí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màámi Fèyí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Èyí pupa yẹn ńkọ́?"

Bọ̀dá Sùlé ló yára dáhùn. "Màámi, ẹ má wo tìyẹn. Tàwọn ọmọ kéékèèké ni. Ìbàdí yín á pè mí lẹ́jọ́."

"Ìbàdí tó ti bí ọmọ márùn-ún lo ń bẹ̀rù fún?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ọmọ mi, lọ mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wá."

Mo wo Alájí. Ó mi orí díẹ̀ pé rárá. Mo lè sọ pé bátìrì rẹ̀ ti kú. Irọ́ kékeré ni, kò tó ti Ìlaròó. Mo lọ mú kọ́kọ́rọ́ náà.

Ọ̀nà Ìbà ni mo ní kí wọ́n gbà, nítorí ibẹ̀ ló ní kọ́nà. Ọkọ̀ kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì ká tó jáde ní géètì. Wọ́n ní ìgbà táwọn wà lọ́mọge làwọn ti fi ọwọ́ yí jíà kẹ́yìn. Ní kọ́nà kìíní, wọ́n di sítíárín mú bí ẹni tó fẹ́ fà á tu. Ní ìkejì, ọwọ́ wọn dẹ̀ díẹ̀. Kí a tó dé ìkẹta, wọ́n ti fa jíà sí méjì. Wọ́n yí i, wọ́n tẹná bí a ṣe ń jáde, Ata Wẹẹrẹ sì yí bí ẹni tí wọ́n fà lọ́wọ́. Màámi Fèyí bú sẹ́rìn-ín. Mo wo aago. Ogójì la wà.

"Kí ló ń dún gbàù-gbàù yẹn?"

"Ilẹ̀kùn ni, mà. Òkúta lẹ gùn."

"Mo mọ̀ pé òkúta ni. Ó dé inú eegun mi." Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n dúró lẹ́bàá títì. Wọ́n wá tẹjú mọ́ mi. "Alájí yín fẹ́ kí n gba eléérú yẹn. Ìwọ ni mò ń bi báyìí. Nǹkan tí mo kọ́kọ́ máa rà fún ara mi nìyí. Èwo ni kí n gbà?"

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ìdáhùn kan, Ṣakẹ́tẹ́ wà nínú èkejì.

"Mà, tó bá jẹ́ pé ẹ máa gbé èèyàn, Alága ni. Ó lágbára, kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú, ìyá àgbà lè sùn nínú ẹ̀. Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun ló ń wa ara ẹ̀, ẹ̀yin á kàn máa bá a lọ ni. Èyí, tẹ́ ẹ ò bá ṣe nǹkan kan, kò ní ṣe nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ fùréèn, ó máa sọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa, ó máa sọ fún yín náà. Bó ṣe wà yìí ló ṣe ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n máa gbé e sókè, kò ní lè sọ ọ́ mọ́."

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé Èkó. Ìgbà tí mo dákẹ́ tán ni mo tó gbọ́ ohùn tí mo fi sọ ọ́. Ohùn ilé ni.

"Àwọn aboyún tó ń ti òdìkejì wá bímọ lọ́dọ̀ wa ló máa ń sọ̀rọ̀ báyìí," Màámi Fèyí ní. "Ibo lo ti wá?"

"Ṣakẹ́tẹ́, mà."

"Àbí mi ò gbọ́ tí wọ́n pè ẹ́ ní Ìlaròó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọn kò bi mí nídìí. Èmi ni mo bi wọ́n, kí ọ̀rọ̀ lè kúrò lórí mi. "Ta lẹ máa máa gbé, mà?"

"Kò sẹ́ni. Èmi nìkan ni mò ń lọ, èmi nìkan ni mò ń bọ̀." Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì tàn.

Ata Wẹẹrẹ ni wọ́n gbà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e sókè, kí Bọ̀dá Sùlé sì yọ fóòmù tó kì sínú ilẹ̀kùn. Alájí bá wọn ṣàdúrà, ó sìn wọ́n dé géètì, ó juwọ́ sí wọn. Ó padà wá bá mi.

"Ìlaròó, kí ni mo ní kó o ṣe?"

"Ẹ ní kí n fi Alága hàn wọ́n, sà. Mo fi hàn wọ́n."

Bọ̀dá Sùlé fi ọwọ́ bo ẹnu. Alájí kò rẹ́rìn-ín. "Garawa ẹ wà níbẹ̀ yẹn," ó ní.

Mi ò sunkún. Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò sunkún. Mo pe màmá mi lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí n wá sílé kí ọdún tó parí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mà, wọn ò wá fún mi mọ́."

"O ṣe nǹkan ni?"

"Mo sọ òótọ́ fún oníbàárà."

"Lónìí, ò ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ mi," wọ́n ní. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àfi bíi pé àlejò ló pè mí."

Mo ronú sí i fún ọjọ́ púpọ̀. Mo ti rò pé bí mo bá dákẹ́ tó, tí mi ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, Èkó á gbà mí. Ó gbà mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló gbà. Ọmọ Ìlaròó kan tí kò sí níbì kankan ló gbà, tó ń fi ọwọ́ mi fọ ọkọ̀. Bí mo bá sì padà sílé, òun ló máa padà, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé mo wà níbí rí.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin kan wọlé lọ́jọ́ Túsìdeè pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Alájí dìde pàdé rẹ̀. Gíláàsì Alága ni mò ń nù lọ́wọ́.

"Ọ̀gá wa ní Ìjànikin ló rán mi wá," ó ní. "Wọ́n ní kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbí àfi ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ yẹn. Wọ́n ní kì í parọ́."

"Ọmọ ibo?" Alájí béèrè.

"Ṣakẹ́tẹ́. Ọmọbìnrin tó ń fọ mọ́tò."

Bọ̀dá Sùlé yọjú láti abẹ́ ọkọ̀. "Ìlaròó nìkan lọmọbìnrin tá a ní," ó ní, ó rọra ń sọ ọ́.

Alájí yíjú sí gbogbo ọgbà, bíi pé a tó ogún níbẹ̀. "Ta ni ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ níbí?"

Omi ń kán láti inú àkísà sórí ẹsẹ̀ mi. Obìnrin náà ti sọ pé èmi kì í parọ́, irọ́ sì ni ìyẹn náà.

"Èmi ni, sà."

"O ní Ìlaròó."

"Mo parọ́, sà. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Mi ò ní fún ẹ lóòótọ́."

"Mo mọ̀, sà."

Obìnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ ń ta mọ́tò ni àbí ẹ ń ṣèpàdé?"

Alájí ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ Alága jáde. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó máa ń ju kọ́kọ́rọ́ sí Bọ̀dá Sùlé ni. Èyí, ó nà án sí mi, kò sì tètè tú ọwọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo dì í mú.

"Ìjànikin ni kẹ́ ẹ ti yí padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ kọjá ibẹ̀ sí ọ̀nà bọ́dà."

"A ò ní kọjá ibẹ̀, sà."

Mo nu ọwọ́ mi, mo sì ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin náà kó jókòó síbi sítíárín. Mo bi í léèrè ẹni tó máa máa gbé. Ó ní ọmọ mẹ́ta, àti ìyá òun tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo sọ fún un pé Alága tó jókòó sínú rẹ̀ yẹn gan-an ló bá a mu, pé a ò nílò láti wo òmíràn.

Bọ̀dá Sùlé ló ṣí géètì fún wa.

"Ṣakẹ́tẹ́," ó ní, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu, "ẹ má pẹ́ o."

Mo ní a ò ní pẹ́.